Oníbodè Keje

Ìyẹ̀ pákó ni wọ́n dà sórí òkè Ìkẹrẹkú,
ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rìnlá láti ilé ìlagi Láfẹ́ńwá,
títí òkè fi funfun láti orí àpáta dé ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ṣówándé.
Àwọn ará àdúgbò ń bèèrè: òkú ta la fẹ́ ṣe?
Àǹtí Fadérera ní kì í ṣe òkú. Eré ni.

Ogún ọdún ló lò lórí òkè ní Ọ́sítíríà,
tó ń fẹsẹ̀ tẹ yìnyín lóru
kí ojú ọ̀nà lè jọ̀lọ̀ fáwọn obìnrin tí yóò sáré lójúmọmọ.
Kò wo eré kan rí.
Nígbà tí wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ nísàlẹ̀, oorun lòun ń sùn.
Aago kan ló mú bọ̀ wálé,
àti orúnkún tó ń dùn ún bí òjò bá ṣú.

Ó ri ọ̀pá oparun mọ́lẹ̀ ní méjì méjì:
pupa, àkísà aṣọ eré ìdárayá iléèwé;
búlúù, àjákù àdìrẹ tí aró rẹ̀ ò tíì ṣá.
Ó ní, "Láàárọ̀, ẹ ó gba kọ̀rọ̀ kúkurú, bí ejò nínú ẹ̀gún.
Lọ́sàn-án, màá fa ọ̀pá jìnnà síra,
kẹ́ ẹ máa rà bí àwòdì.
Ẹni tó bá fo ibodè kan, kò sáré."

Èmi ni wọ́n fi ṣọ́ ibodè keje,
èmi tí mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà láìké pe Ọlọ́run.
Wọ́n fún mi ní àga onírọ́bà,
omi inú ọ̀rá, àsíá yẹ́lò kan.

Ìbíròńkẹ́ ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Ó ṣubú níbodè kejì,
ìyẹ̀ kún ẹnu rẹ̀ bíi gàárì gbígbẹ,
ó ń rẹ́rìn-ín.
Adéróunmú lo ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlélógójì.
Lẹ́yìn náà ni Rísìkátù, ọmọ mi,
lórí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì
tí káfíńtà tẹ ẹnu wọn sókè bí ẹnu ọkọ̀ ojú omi.

Igi ń sáré lórí ìyẹ̀ igi.
Àdín tí mo fọwọ́ ara mi dín, tó fi pa ìdí pákó,
òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi kí òun tó dé.
Ó tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó tẹ̀ sósì.
Itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀ láàárín agbo ilé.
Ó dé ibodè keje.
Ara rẹ̀ wọlé.
Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé.
Ẹsẹ̀ òsì gba ìta ọ̀pá.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ọ̀pá mì, ó dúró.
Nísàlẹ̀ wọ́n ti ń ké: mẹ́rìndínlógójì!
Bàbá rẹ̀ ti ju fìlà sókè.
Àsíá wúwo lọ́wọ́ mi bí aṣọ tí a ò tíì fún.
Kí ni ẹsẹ̀ kan? Ọmọ mélòó ni mo bí?
Àmọ́ ìyá bàbá mi, tó mọ ibi tí odi Ẹ̀gbá gbà kọjá,
máa ń sọ pé odi kì í wó
níbi tí oníbodè bá ti ń wò.

Mo gbé àsíá sókè.
Àǹtí Fadérera wò mí, ó pẹ́ kó tó fi bírò fa ìlà lórí orúkọ náà.
Adéróunmú ló gba ẹ̀bùn:
ike omi ńlá, ìwé àkọsílẹ̀ méjìlá.

Lálẹ́, ọmọ mi ń fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán.
Ìyẹ̀ pákó ń fẹ́ wọ inú ọbẹ̀ gbogbo àdúgbò.
"Ẹsẹ̀ wo ni?"
"Òsì."
Ó gbé e sínú omi, ó ń wò ó
bí ẹni ń wo àbúrò tó yọ́ jáde nílé láìdágbére.
"Mo mọ̀," ló wí. "Mo gbọ́ nígbà tó kan ọ̀pá."
Ó nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, ó pẹ́ lórí rẹ̀.
"Ìyá mi, àdín ṣì kù?"